Ọ̀gá Pátápátá àti Ilé-Ìwé Ọlọ́mọ Mẹ́sàn-án

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọ̀gá tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì pàdé irú wọn, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ sì jókòó náà, torí kò sẹ́ni tó mọ abẹ́ ẹni tí wọ́n máa gbé òun lọ lọ́la.

Alábẹ̀wò Àgbà kan wà tí ilé-ìwé ìjọba méjìlélọ́gọ́ta wà lábẹ́ rẹ̀. Oyè tó ní kí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ gùn débi pé káfíńtà ní láti kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kó tó gbà á. Àwọn tíṣà ò lè pè é tán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bá gé e kúrú sí Ọ̀gá Pátápátá. Ẹ̀sín ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ní ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti rí òun bẹ́ẹ̀.

Láràárọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dúró, àwọn akọ̀wé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á dìde, wọ́n á jùmọ̀ ní, "Ẹ kú ọgbọ́n, sà," lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ní í dáhùn. Á na ìka kan sókè, á kọjá. Ẹni tó bá pẹ́ dìde, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Akọ̀wé àgbà ló ń tọ́jú ìwé náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ ìṣirò dáadáa, àmọ́ tó mọ ìbẹ̀rù ju ìṣirò lọ.

Ọ̀gá Pátápátá ní òfin kan tó fẹ́ràn ju gbogbo òfin yòókù lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ iye ọmọ sínú ìròyìn tó máa dé orí tábìlì òun. Pásẹ́ńtì nìkan ni kí wọ́n máa kọ: nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ló wá sílé-ìwé, mélòó ló yege, ó tán. Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níbi ìpàdé kan. Ó ní, "Darandaran ló ń ka orí. Ẹni tó bá kàwé dé ibi tí mo kà á dé, ìdá ló ń wò. Ẹ má kó orí wá bá mi mọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ń ta wọ́n. Láàárín èmi àtẹ̀yin, ohun tó fà á ni pé ó ka ẹgbẹ̀rún méjì bí ẹni pé ọ̀kẹ́ kan ni lọ́jọ́ kan níwájú àwọn èèyàn pàtàkì, ọmọdé kan sì bú sẹ́rìn-ín.

Ní ìpẹ̀kun àgbègbè náà, níbi tí títì ọlọ́dà ti tán tí afárá onípákó ti bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ yàrá kan ṣoṣo. Tíṣà kan ló wà níbẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ẹfun ṣọ́ọ̀kì kì í fìgbà kan kúrò ní ìka rẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án ló ń kọ́, láti ìwé kìn-ín-ní dé ìwé kẹfà. Ó fa ìlà sójú pátákó ìkọ̀wé, ó pín in sí mẹ́fà, kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì mọ ojú tirẹ̀. Bó bá ń kọ́ àwọn kékeré ní lẹ́tà, àwọn tó dàgbà á máa ṣe ìṣirò. Bó bá kan àwọn tó dàgbà, ọmọbìnrin ọdún méjìlá kan, òun nìkan tó wà ní ìwé kẹfà, á kó àwọn kékeré lọ sí igun yàrá, á máa kàwé sí wọn létí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Kíláàsì.

Òfin ìjọba ni pé ilé-ìwé tí ọmọ ibẹ̀ ò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sí èyí tó súnmọ́ wọn. Èyí tó súnmọ́ wọn ni ilé-ìwé ńlá tó wà láàárín ìlú, ìrìn wákàtí méjì. Tíṣà mọ̀ pé nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, bóyá ni mẹ́ta á lè máa rin ọ̀nà yẹn. Àwọn yòókù á jókòó sílé, kó sì tó pé ọdún méjì, lẹ́tà á ti di ohun tí wọ́n gbàgbé. Ẹ wá wò ó: ohun kan ṣoṣo tó ń gba ilé-ìwé náà sílẹ̀ ni ìwà òmùgọ̀ Ọ̀gá Pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí wọn ò gbọdọ̀ kọ iye orí, kò sẹ́ni tó mọ̀ lókè pé mẹ́sàn-án ni wọ́n. Lóṣooṣù, Tíṣà ń kọ ọ́ ránṣẹ́ pé àwọn tó wá jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kò parọ́. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ń wá.

Ìdánwò àṣejáde ló da gbogbo rẹ̀ rú. Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ mẹ́rin ló ṣe é níbẹ̀, ẹnì kan ló yege, pásẹ́ńtì márùndínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún yìí, Ìyá Kíláàsì nìkan ló ṣe é, ó sì yege. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Akọ̀wé àgbà náà ṣírò rẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, torí òun kọ́ ló ní kí wọ́n má kọ iye orí.

Nígbà tí ìwé náà dé orí tábìlì, díẹ̀ ló kù kí Ọ̀gá Pátápátá ṣubú lórí àga. Ilé-ìwé kan ti fò láti márùndínlọ́gbọ̀n dé ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan, ó sì ti gba ipò kìn-ín-ní nínú méjìlélọ́gọ́ta. Ó ní kí wọ́n wá ohun tó fà á. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ó bá wá a fúnra rẹ̀, kò sì pẹ́ rárá tó fi rí i: òun fúnra òun ni. Ó rántí pé lọ́dún méjì sẹ́yìn, òun bẹ ilé-ìwé náà wò. Òótọ́ ni, ó lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹsẹ̀ afárá, ó yọrí lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí ilé-ìwé náà lókèèrè, ó sì ní kí awakọ̀ yí padà kí ẹrẹ̀ má bàa ta sí òun láṣọ.

"Sà, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ juwọ́ yẹn," akọ̀wé àgbà ní. "Ara mi bù máṣọ. Mo mọ̀ pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀ sáwọn ọmọ yẹn."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ọkùnrin náà gẹṣin aáyán, ó sì gùn ún bí ẹni tó ra ẹṣin náà fúnra rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà. Obìnrin náà wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó ń rò lójú ọ̀nà pé àṣírí ti tú, pé wọ́n ti ka àwọn ọmọ òun. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ṣètò àga sílẹ̀ dè é, ohun tí wọn ò ṣe fún tíṣà kankan rí. Ọ̀gá Pátápátá rọra tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó ní kó sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ tí wọn ò ṣe níbòmíràn. Tíṣà ní inú yàrá kan ni gbogbo àwọn ọmọ òun ń jókòó sí, àwọn ńlá á sì máa ran àwọn kékeré lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi kún un pé torí kò sí yàrá mìíràn ni, torí kò sí tíṣà mìíràn ni, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti gbé kálàmù, ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Sà, ẹ dákun," Tíṣà ní, "ẹ jẹ́ kí n sọ iye tí àwa gan-an..."

"Ìyá, ẹ má kó iye wá bá mi. Ẹ̀yin ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Èmi tí mo wà lókè ni mo rí i."

Tíṣà pa ẹnu mọ́. Bó bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ọkùnrin náà á gbọ́. Bó bá sì gbọ́, á ti ilé-ìwé pa. Ó dúpẹ́, ó jáde. Inú rẹ̀ dùn pé wọn ò tíì kà wọ́n, ojú sì tún ń tì í, kò sì mọ ìdí tójú fi ń tì í títí ó fi délé.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá pe gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé jọ. Akọ̀wé àgbà kọ́kọ́ ka àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sókè, èyí gba ogún ìṣẹ́jú, títí kan ti ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà. Lẹ́yìn náà ni bàbá dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá ọ̀tá ìmọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ní àìríwèékà ni. Wọ́n ní ebi ni. Mo dúró, mo ronú, mo rí i: ògiri ni. Ògiri ló ya ìwé kìn-ín-ní kúrò lára ìwé kẹfà. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan á máa jókòó sí, tíṣà kan ṣoṣo ni á sì máa kọ́ wọn. Àwọn tíṣà yòókù á máa bọ̀ ní ọ́fíìsì mi, wọ́n á máa kọ ìròyìn bí ètò náà ṣe ń yọrí sí rere."

Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù ni hẹdimásítà ilé-ìwé ńlá tó wà láàárín ìlú. Nígbà tó pàtẹ́wọ́ tán ló wá ronú. Ó dìde, ó ní ọgbọ́n yìí jinlẹ̀ púpọ̀, àmọ́ àwọn ọmọ tòun jẹ́ irínwó ó lé...

"Ṣé orí lo fẹ́ kó wá bá mi?"

"Rárá o, sà. Pásẹ́ńtì ni. Pásẹ́ńtì mẹ́wàá wọn ni yàrá kan lè gbà."

"Ìyẹn ni pé àádọ́rùn-ún ṣì kù tó lè tẹ̀ síwájú," Ọ̀gá Pátápátá ní, gbogbo ilé sì tún pàtẹ́wọ́. Hẹdimásítà jókòó, òun náà pàtẹ́wọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe àṣejù kọ́ ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.

Wọ́n ní kí ọmọ irínwó ó lé méjìlá wọ inú yàrá kan lọ́jọ́ Ajé. Mẹ́wàá jókòó lórí bẹ́ńṣì tó yẹ fún mẹ́rin. Àwọn kan jókòó sójú fèrèsé, wọ́n dí afẹ́fẹ́. Àwọn tí ò ráyè wọlé dúró lẹ́yìn ilé, wọ́n ń kọ ohun tí wọn ò gbọ́. Ohùn tíṣà tó wà níwájú há lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ooru mú ọmọ kékeré kan ní ìwé kejì, ó dákú. Kò sáyè tí wọ́n lè gbà gbé e jáde, wọ́n bá ń nà án láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí àwọn ọmọ yòókù títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó jí, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló fi sùn sílé. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn ní àwọn tó wá sí kíláàsì jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà. Ilé rẹ̀ wà ní agbedeméjì ọ̀nà; bó ṣe jìn sí ìlú náà ló jìn sí afárá. Wọ́n sọ fún un pé ilé-ìwé kan lẹ́yìn afárá ni wọ́n ti kó ètò náà wá. Ó tì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà Tíṣà. Ó wo yàrá náà yí ká. Bẹ́ńṣì mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé, ń fẹ́ jáde.

"Àwọn yòókù ńkọ́?" ó bèèrè.

"Kò sí yòókù, ìyá mi. Àwa náà nìyí."

Aránṣọ ka àwọn ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ ń mì. "Ṣé nítorí ọmọ mẹ́sàn-án yìí ni wọ́n ṣe ń há ọmọ tèmi mọ́ inú ooru?"

Tíṣà ní kó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, òfin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òfin pásẹ́ńtì, bí òun ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ tí òun sì dákẹ́. Aránṣọ gbọ́ ọ tán, ó dìde, kò kí i pé ó dàbọ̀. Tíṣà dúró lójú kan náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ á fọ́nká. Bó bá dákẹ́, wọ́n á tún na ọmọ mìíràn jáde láti ọwọ́ dé ọwọ́, bóyá ìyẹn ò sì ní í jí.

Ọ̀gá Pátápátá ní tirẹ̀ ò dá dúró. Ìròyìn iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ ti dé olú-ilé-iṣẹ́, Olùdarí Àgbà fúnra rẹ̀ sì ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i. Ọ̀gá ti mọ ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀: àga kan ṣófo ní olú-ilé-iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Olùdarí náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ olójú-ìwé mọ́kàndínlógún. Ó ní kí wọ́n kó igba àga lọ síwájú ilé-ìwé Tíṣà, ó sì pe gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé àtàwọn òbí pé kí wọ́n wá wo ojú ògo.

Lọ́jọ́ náà, ó gba orí afárá kọjá fún ìgbà àkọ́kọ́, akọ̀wé àgbà ń nu bàtà rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó rí ọmọ mẹ́sàn-án nínú igba àga.

"Ibo làwọn yòókù wà?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, sà," akọ̀wé àgbà ní. Ẹ má bínú sí i. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń sọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́, òótọ́ ò sì tíì bá a lẹ́nu rí.

Olùdarí Àgbà jẹ́ obìnrin kékeré kan tó wọ dígí ojú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ Ọ̀gá Pátápátá títí dé ojú-ìwé kẹrin, níbi tó ti ń fi ìjuwọ́ rẹ̀ wé òjò àkọ́rọ̀. Ìgbà yẹn ló gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ tó yege ìdánwò dìde kí òun lè kí wọn. Ìyá Kíláàsì dìde. Olùdarí rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní kí àwọn yòókù náà dìde. Ẹnikẹ́ni ò mira.

"Ìtìjú ló ń ṣe wọ́n, màdáámù," Ọ̀gá Pátápátá ní. "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá, ẹ sọ fún wọn."

Ọmọbìnrin náà wo Tíṣà. Irọ́ tó lè gba Tíṣà là wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: ó lè ní ibà ló dá àwọn yòókù dúró sílé, gbogbo wọn á sì lọ. Ó wo ẹ̀yìn, níbi tí àwọn òbí dúró sí. Aránṣọ wà láàárín wọn, ó ká ọwọ́ sáyà, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà rí i pé ọmọ náà kéré ju bó ṣe rò lọ.

"Kò sí yòókù, màdáámù," ó ní. "Òun nìkan ló ṣe ìdánwò. Ẹyọ kan ṣe é, ẹyọ kan yege. Mẹ́sàn-án ni gbogbo wa nílé-ìwé yìí, yàrá kan náà la sì ní. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jókòó papọ̀."

Akọ̀wé àgbà ṣèèṣì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ráyè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé irú Ọ̀gá Pátápátá á tètè ṣubú. Irú wọn máa ń kọ́kọ́ di ara ẹlòmíràn mú. Ó yí padà kíá, ó tọ́ka sí Tíṣà, ó ní òfin sọ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pé obìnrin yìí ti tan ìjọba jẹ, pé lónìí olónìí lòun á ti ibẹ̀ pa.

"Ẹ ṣé," Olùdarí Àgbà ní. "Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mẹ́sàn-án ni wọ́n, àbí ẹ ò mọ̀?"

Bó bá ní òun mọ̀, kí ló kó igba àga wá ṣe? Bó bá ní òun ò mọ̀, ilé-ìwé wo ló ń bẹ̀ wò láti ọjọ́ yìí? Òógùn bo bàbá.

"Mo mọ̀, màdáámù," ó ní. "Ní pásẹ́ńtì."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì mú gbogbo èrò. Nígbà tó rọlẹ̀, aránṣọ jáde síwájú, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Hẹdimásítà rí i pé afẹ́fẹ́ ti yí, ó gbójúgbóyà, ó pe iye àwọn ọmọ rẹ̀ já geere, irínwó ó lé méjìlá, àfi bí ẹni tó gbé òkúta kúrò lẹ́nu. Olùdarí Àgbà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí gbogbo yàrá tí wọ́n tì kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kí àwọn tíṣà padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, kí Alábẹ̀wò Àgbà sì fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá kọjú sí Tíṣà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́. Àmọ́ òfin ò yí padà. Bí ẹ ò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí sáà yìí tó parí, a máa tì í."

Tíṣà mi orí. Ohun tó ń retí nìyẹn, síbẹ̀ omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Kí ló dé tẹ́ ò mú rẹ́jísítà yín wá?" aránṣọ bi í. "Ọmọ méjì ni mo ní. Ẹ kọ wọ́n."

Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní agbedeméjì ọ̀nà náà ní kí wọ́n kọ mẹ́ta tòun. Àwọn tí ilé wọn wà lápá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n jókòó lórí àga Ọ̀gá Pátápátá, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Nígbà tí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀, orúkọ mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ́jísítà.

Ọ̀gá Pátápátá gba ìwé gbélé-ẹ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó padà, wọ́n já oyè rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ kọ́ ìwé kejì ní ilé-ìwé ńlá ìlú. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ láràárọ̀ ni kó pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì ka iye wọn fún hẹdimásítà. Wọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì mú wá. Ọmọ aránṣọ ì bá ti wà níbẹ̀ kó bá a kà wọ́n, àmọ́ ó ti lọ sí ọ̀dọ̀ Tíṣà.

Ọdún yí po. Lábẹ́ òrùlé Tíṣà, ọmọ mẹ́fà ló ṣe ìdánwò àṣejáde, mẹ́rin sì yege, iye tí ilé-ìwé náà ò ní rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Kò pé oṣù kan tí lẹ́tà kan dé láti ọ́fíìsì Alábẹ̀wò Àgbà tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé-ìwé náà ti já wálẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún sí mẹ́rìndínláàádọ́rin, láti ipò kìn-ín-ní sí ipò kejìdínlógún, kí Tíṣà sì ṣàlàyé láàárín ọjọ́ méje ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ya abala ìwé kan, ó sì kọ èsì rẹ̀ lórí ìdúró, torí àwọn ọmọ ń dúró dè é.

"Sà, mo kí yín. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan ló yege. Lọ́dún yìí, mẹ́rin ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí n dá mẹ́ta padà, ẹ kọ̀wé sí mi."